Ìlẹ̀kẹ̀ Mẹ́ta Tí N Kò Rí Mọ́: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ilé-Ìwé Kan Lórí Ẹ̀kọ́ Ìtàn

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin sọ níbi ìpàdé àwọn òbí àti ọ̀dọ́, ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà kí n tó dìde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mo ṣì wà níbẹ̀, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ tí ó lè jọ ìgbà tí ọmọdé bá ń bá àgbà jiyàn. Kì í ṣe iyàn. Ẹ ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi ń rí ní ilé-ìwé, pàápàá nínú ẹ̀kọ́ Ìtàn. Ohun tí ojú mi rí náà ni n óò sọ.

Ọmọ ọdún 14 ni mí. Kíláàsì JSS 3 ni mo wà, ní ilé-ìwé kan nínú ìlú Ìbàdàn yìí. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí ibẹ̀ ni mo tún ń padà lọ ní ọjọ́ Ajé. Babaláwo ni bàbá mi. Ìyá mi ń ta aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ní ọjà. Ìyá bàbá mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yóò kàn láìpẹ́, ń gbé pẹ̀lú wa.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní JSS 1, olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa nígbà náà kọ iṣẹ́ sójú pátákó, wọ́n ní kí a dà á kọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí àwọn òyìnbó tó dé, àwọn baba ńlá wa a máa bọ igi àti òkúta. Mo dà á kọ. Ìwé náà ṣì wà nílé, ìkọ̀wé mi mọ́ dáadáa níbẹ̀. Àfi ìgbà tí mo dé ìlà kejì tí mo rántí pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí n tó gbé báàgì kọ́ èjìká, bàbá mi jókòó ti ọpọ́n, wọ́n ń tẹ Odù sórí ìyẹ̀rosùn fún obìnrin kan tí ó wá láti Mọ́níyà. Bàbá mi kì í ṣe baba ńlá ẹnikẹ́ni. Wọn kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, wọ́n sì ní fóònù méjì.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ kò lè ṣàì fi hàn bóyá ohun tí ó ń sọ ti kọjá lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ni yóò yí padà. Nínú èdè tiwa, bí mo bá ní "wọ́n bọ Ògún", ẹ kò tíì mọ̀ bóyá àná ni tàbí ìgbà ayé Ọ̀rànmíyàn. Ó di ìgbà tí mo bá fi "nígbà kan rí" tì í kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti parí. Iṣẹ́ tí mo dà kọ lọ́jọ́ náà ti fi "nígbà kan rí" ti gbogbo agbo ilé wa. Èébú tí ó wà nínú igi àti òkúta kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, mo ti gbọ́ èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ nínú ọkọ̀ èrò. Ohun tí ó dùn mí ni pé wọ́n ka èmi tí mo jókòó sórí àga kẹta mọ́ àwọn tí ó ti kọjá lọ, èmi náà sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò sọ̀rọ̀. Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀yin àgbà, èmi kì í ṣe akọni. Ilé-ìwé wa kò fẹ́ kí a wọ ẹ̀gbà ọwọ́. Òfin náà kan gbogbo wa, n kò bínú sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn tí rósárì wà lọ́rùn wọn lábẹ́ aṣọ. Ìdè Ifá mi, tí a fi òtútù àti ọ̀pọ̀n sín, n óò bọ́ ọ lẹ́nu géètì, n óò sì tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a tò sórí ìlà, tí a ń kọ orin orílẹ̀-èdè, òwú rẹ̀ já. Ìlẹ̀kẹ̀ jáde láti inú ìbọ̀sẹ̀ mi, ó fọ́n ká sórí símẹ́ńtì. Ìró rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ní etí tèmi, àfi bí ìgbà tí yìnyín bá ń já lu páànù. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Mùsùlùmí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ó ń so okùn bàtà. Ó ń ṣà wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́. Nígbà ìsinmi ni ó kó wọn fún mi nínú bébà tí ó fà ya láti inú ìwé ìṣirò rẹ̀. Kò bi mí ní ohunkóhun. Ẹlòmíràn ni ó bi mí pé kí ni ìyẹn, mo sì dá a lóhùn pé ọjà ìyá mi ni. Irọ́ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta kù tí a kò rí, títí di òní.

Ohun kejì tí mo ṣe ni ti ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn méjì ni ó wà níbẹ̀, ti Kírísítẹ́nì àti ti Ìsìláàmù, kí olúkúlùkù fàmì sí ọ̀kan. Mo fàmì sí ti Kírísítẹ́nì, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ mi wà, kíláàsì náà sì ní fáànù. Mo ṣe ipò kejì nínú ìdánwò rẹ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn ìtàn Jósẹ́fù tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí Bíbélì Yorùbá bá ti dárúkọ Èṣù, ara mi a máa bù máṣọ, nítorí mo mọ bí wọ́n ti ń kí i nílé wa, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n kọ sínú ìwé ìdánwò. Èyí tí wọ́n fẹ́ ni mo kọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò kọ́ Ìtàn rárá ní ilé-ìwé. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Àṣẹ jáde lẹ́yìn náà pé kí wọ́n dá a padà, ìjọba àpapọ̀ sì tún ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní 2022. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé orí mi dára, pé àwọn kò mọ ju orúkọ àwọn tí ó wà lójú owó náírà lọ. Mo máa ń dá a lóhùn pé ẹni tí wọn kò kọ́ ní nǹkan kan àti ẹni tí wọ́n kọ́ pé ó ti di àtijọ́, n kò mọ èwo nínú wọn ni orí rẹ̀ dára.

Ní JSS 2 ni a gba olùkọ́ mìíràn. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgbàdúrà ní orúkọ Jésù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ àdúrà náà, mo ní, ó tún dé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n kọ sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí a kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé wa, pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá pè ní ìtàn, kí a bi í ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Ta ni ó sọ ọ́? Nígbà wo ni ó sọ ọ́? Báwo ni ó ṣe mọ̀? Lọ́jọ́ náà, a fi wọ́n wo ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ní JSS 1 pé Mungo Park ni ó ṣàwárí odò Ọya ní 1796. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, tísà, ṣé kò bá ẹnì kankan létí odò náà ni? Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ń ro ó nínú ọkàn mi pé òrìṣà ni odò yìí ń jẹ́ orúkọ mọ́, orúkọ náà sì ti wà kí ọkùnrin yẹn tó wọ bàtà rẹ̀ kúrò nílé.

Ìgbà tí a dé orí ìwé Samuel Johnson ni ojú mi là sí i. Ẹ̀yin náà a máa tọ́ka sí ìwé yẹn níhìn-ín. Àlùfáà ìjọ ni Johnson, ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún kó àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, 1921 ni ìwé náà tó jáde. Nígbà tí olùkọ́ wa béèrè ìkẹta nínú àwọn ìbéèrè náà, báwo ni ó ṣe mọ̀, ìdáhùn tí ó wà nínú ìwé fúnra rẹ̀ ni pé ó gbọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àwọn arókin ààfin Ọ̀yọ́. Mo nawọ́. Mo ní, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìwé ni a ń kà àbí ẹnu? Olùkọ́ wa dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ẹnu ni, ṣùgbọ́n etí àlùfáà ni ó gbà kọjá. N kò gbàgbé ìdáhùn yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé Johnson bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn ògiri: ohùn náà jẹ́ ti àwọn tiwa, ògiri náà kò sì ṣeé gbàgbé.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí kiri bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Mo rí ọ̀kan lórí fóònù bàbá mi. Ní ìlú Ulm, ní Jámánì, ọpọ́n Ifá kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Láti Allada, ìlú kan tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òní, ni wọ́n ti gbé e lọ. Oníṣòwò kan ní Ulm, Christoph Weickmann, ni ó kó o mọ́ ẹrù rẹ̀, ó sì ti wà nínú ìwé tí a fi ka àwọn ẹrù náà sílẹ̀ ní 1659. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún méjì ọdún lọ kí Johnson tó parí ìwé rẹ̀. Mo gbé àwòrán náà lọ bá bàbá mi. N kò sọ ibi tí ó ti wá, n kò sọ ọdún rẹ̀. Wọ́n fi ìka fẹ àwòrán náà, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ojú Èṣù nìyí lókè. Ọ̀dọ̀ọ́bí ni babaláwo yóò jókòó sí." Wọ́n fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí pé ọpọ́n ta ni.

Mo sọ èyí fún olùkọ́ wa. Wọ́n ní kí n tún un sọ fún kíláàsì. Mo sọ ti Ulm, mo sọ ti 1659. Nígbà tí ó kan ibi tí bàbá mi ti mọ ibi tí a ń jókòó sí, mo ní "àgbàlagbà kan ládùúgbò wa" ni ó sọ fún mi. Ẹ wo bí mo ti ṣe. Mo rí ẹ̀rí tí ó tó bẹ́ẹ̀, mo sì yọ bàbá mi kúrò nínú rẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ̀yin bàbá mi àti ẹ̀yin ìyá mi, ibi tí mo ti tọrọ àforíjì ṣáájú ni mo dé. Mo ti gbọ́ ọ ní irú ìpàdé yìí rí pé a kò ta ẹrú láàárín ara wa àfi ìgbà tí òyìnbó dé. Mo tún ti gbọ́ pé Odù kan ti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n tó ṣe é. Mo gbé èyí kejì lọ sí kíláàsì pẹ̀lú ìgbéraga, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ó sì bì mí ṣubú: ta ni ó sọ ọ́, nínú ẹsẹ wo? N kò mọ̀ ọ́n. Mo délé, mo bi bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ béèrè ẹsẹ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ọ́. Wọ́n wá rán mi létí ohun tí mo ti ń rí láti kékeré tí n kò kà sí. Níbi tí àwọn babaláwo bá ti ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù kì í kàn jókòó lásán. Wọ́n ń gbè é, wọ́n ń jẹ́rìí sí i ní ìlà ìlà. Bí ẹni tí ó ń sun ún bá ṣì í, wọn kì í gbè é mọ́. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ kọ́, títí yóò fi padà sójú ọ̀nà. Bàbá mi ní, "Ìbéèrè mẹ́ta tí tísà yín ń bi yín, ta ni ó sọ fún ọ pé àwọn òyìnbó ni ó ni í?"

Ọ̀rọ̀ ẹrú ní tirẹ̀ kò ṣòro láti wádìí. Ní 1821, ogun wọ Òṣoògùn. Fúlàní wà lára àwọn tí ó jà á, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń dè lókùn. Lára àwọn tí wọ́n kó ni ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ó ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ti òmíràn títí ó fi dé èbúté, àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ yìí, nítorí Bíbélì tí ó túmọ̀ àti nítorí ohun tí ìtumọ̀ náà sọ Èṣù dà. Èmi náà bínú sí i, mo ti sọ fún yín pé ara mi ń bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mi ni ó jẹ́ nígbà tí wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tí mo ka ìtàn náà, àwọn ọmọ kíláàsì wa ni mo ń rí, mo ń ka iye wọn, mo ń wo ẹni tí wọn ì bá fi pààrọ̀ ẹṣin. N kò lè kórìíra ọmọ yẹn. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bí a bá ń sọ pé a kò ta ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ ta ni kí ìyá yẹn ti gba ọdún 25 náà padà?

Ohun tí mo fẹ́ wí ni pé ẹni tí ó ní kí ilé-ìwé má ṣe fi irọ́ bo òun mọ́lẹ̀, bí òun náà bá fi irọ́ bora, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò bọ́ sí àárín. Àwa ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Ẹ̀yin kì í sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí a ṣe ní sáà kejì ọdún yìí ni n óò fi parí. Olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù bi àgbàlagbà kan nílé nípa ohun kan tí ó ṣojú rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì wá kà á. Mo lọ bá ìyá bàbá mi. Mo rò pé oríkì ni wọn yóò kì fún mi. Wọ́n ní, "Ìyẹn kò ṣojú mi. Àgbẹ́kọ̀yà ni ó ṣojú mi."

Abúlé kan lẹ́bàá Àkànrán ni wọ́n wà nígbà náà, ìyàwó titun ni wọ́n, bàbá bàbá mi sì ń dáko kòkó. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó kòkó já wálẹ̀, owó orí ń ga sí i, àwọn agbowó-orí sì ń wá inú oko. Wọ́n gbé ewúrẹ́ ìyá mi àgbà. Mo ti gbọ́ nípa ewúrẹ́ yẹn láìmọye ìgbà kí n tó mọ̀ pé ìtàn ni. Mo rò pé ìyá mi àgbà kàn fẹ́ràn ewúrẹ́ ni. Nígbà tí Táfà Adéoyè kó àwọn àgbẹ̀ jọ ní Àkànrán, tí wọ́n ní àwọn kò ní san ju ọgbọ̀n ṣílè lọ, bàbá bàbá mi dá Ifá kí wọ́n tó bá wọn lọ. Ifá ní kí wọ́n rúbọ, kí wọ́n má sì ṣe ṣíwájú. Ìyá mi àgbà ní, "Ó rúbọ. Kò ṣíwájú. Ẹ̀yìn ni ó wà títí ìjà fi parí, bóyá ohun tí ó jẹ́ kí o rí bàbá rẹ bí nìyẹn." Wọ́n dárúkọ àwọn tí ó bá wọn lọ: lèmọ́ọ̀mù abúlé kejì wà níbẹ̀, bàbá ìjọ kan wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ohun tí ó gbójú lé. Wọ́n sọ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, tí wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀, àti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe wá bá wọn sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, tí ìjọba dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìgbà tí n óò kà á, mo mú bírò, mo fẹ́ fa igi lé ibi tí wọ́n ti dá Ifá. Kò ṣeé fà. Bí mo bá yọ ọ́, kò sí ìdí tí bàbá àgbà fi wà lẹ́yìn, ìtàn náà yóò sì di ti ojo. Ewúrẹ́ nìkan ni ì bá kù.

Mo kà á bí ó ti wà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọmọkùnrin kan bi mí láti ẹ̀yìn pé, ṣé babaláwo ni bàbá àgbà rẹ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi náà sì ni. Àwọn kan hó yè. Ẹnì kan béèrè bóyá bàbá mi lè fi àrá pa ènìyàn. Olùkọ́ wa lu tábìlì, wọ́n ní ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti Ìtàn, wọ́n ní mẹ́ta ni wọ́n kọ́ wa, kí ẹni tí ó bá ní ọ̀kan nínú rẹ̀ bi mí.

Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ mi tí ó ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nawọ́, ó ní, ìyá àgbà rẹ sọ pé ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Olùkọ́ wa ní ìbéèrè náà dára, nítorí oṣù Kẹsàn-án 1969 ni wọ́n fọ́ Agodi, inú òjò sì ni oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n kọ ohun tí ìyá mi àgbà sọ sápá kan pátákó, wọ́n kọ oṣù Kẹsàn-án sápá kejì, a sì fi ogún ìṣẹ́jú jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà. Bóyá ọjọ́ orí ni. Bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni wọ́n dà pọ̀. Ogún ìṣẹ́jú! Máàkì 16 nínú 20 ni mo gbà, ọjọ́ tí kò bára mu ni wọ́n fi yọ mẹ́rin. N kò rò pé inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní ilé-ìwé. Wọ́n ń já ìyá mi àgbà níyàn bí ìgbà tí wọ́n bá ń já ẹlẹ́rìí níyàn, ẹnì kan kò sì rántí òkúta mọ́.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún wọn pé wọ́n ṣi oṣù náà. Wọ́n fà sókè lórí àga. Wọ́n ní, "Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gbẹlẹ̀. Mo ń sá kòkó." Ó sì rí bẹ́ẹ̀, nítorí oṣù Kọkànlá 1968 ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀ ní Àkànrán. Mo padà lọ sọ fún olùkọ́ wa, wọ́n fi máàkì méjì kún un.

Ẹ̀yin àgbà, a óò ṣe ìdánwò àṣejáde JSS ní ọdún yìí. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ṣì wà lára àwọn iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀, nítorí méjì náà ni ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa ń sọ fún àwa ọmọ pé kí a má tijú. A ti gbọ́. Ṣùgbọ́n òbí kan tí ó bá wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, tí ó jókòó, tí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ibi tí ọmọ òun yóò fàmì sí, iṣẹ́ tí ó ṣe ju ti èmi tí mo fi ìlẹ̀kẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ lọ. Bàbá mi ti ní àwọn yóò lọ. Mo ń bẹ àwọn méjì tàbí mẹ́ta nínú yín kí ẹ tẹ̀ lé wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ mi ti padà sórí òwú, ó sì fún mi lọ́wọ́ díẹ̀ nítorí mẹ́ta tí ó dín.

Ìyá bàbá mi ni wọ́n jókòó sórí àga kejì láti ẹnu ọ̀nà yẹn, àwọn tí wọ́n wé gèlè aláwọ̀ aró. Ẹ lọ bá wọn tí a bá túká. Kí ẹ mú bírò àti ìwé dání, kí ẹ sì bi wọ́n ní oṣù tí ó jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúrẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù.